Lẹ́tà Ṣíṣí sí Màmá Tó Bá Mi Wá Ìwé Ìdánwò Mi

Ẹ̀yin Màmá wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìsinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé ìsinmi ló yẹ kí n máa kí yín. Mo ra búrẹ́dì gbígbóná méjì ní Yemẹtu, mo ra mílíìkì alágolo àti ṣúgà páálí kan, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ Micra wá sílé ìwé. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé màá wá. Mo dé ojú fèrèsé yín, mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè rí inú ófíìsì tí ẹ ti ń bá wa yanjú ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò láàárín irin, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ohùn ọkùnrin ló dá mi lóhùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló jókòó sórí àga yín. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní ẹ̀yin ni mo ń wá. Ó ní ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ibo lẹ wá ń gbé? Òun ò mọ̀. Ìyá tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ pé Àpáta lòun gbọ́. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà ní irọ́ ni, Mọ́níyà ni. Ẹ̀yin náà mọ bí Àpáta ṣe jìnnà sí Mọ́níyà. Mi ò lè máa kanlẹ̀kùn kiri Ìbàdàn pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta gbangba. Bóyá ọmọ yín á rí i, tàbí ọmọ ọmọ yín, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, á sì kà á sí yín létí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé wa, mi ò sì ní dárúkọ yín. Ẹ ó dá ara yín mọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́. A sọ yín lórúkọ. "Ìyá Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la" là ń pè yín. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, mo bá a nílẹ̀ ni, àmọ́ èmi ni mo tàn án dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdún kìíní. Bí ẹnìkan bá ti fèrèsé yín dé tí ojú rẹ̀ rọ, a ó bi í pé, "Ṣé Ìyá ti dá ẹ lọ́la?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí wọ́n ń dá lọ́la, tí wọn ò dá lọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ebi máa ń pa wá lórí ìlà yẹn, ẹni tí ebi ń pa sì máa ń wá ohun tó máa fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ lè má rántí ọ̀rọ̀ tèmi mọ́, nítorí irú mi pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ọdún 2023 ni, mo wà ní ọdún kẹta. Èsì ìdánwò jáde lórí pọ́tàlì lóru ọjọ́ kan. Gbogbo kọ́ọ̀sì mi ló ní máàkì, àfi ẹyọ kan. Ìlà kékeré kan ni wọ́n fà síwájú rẹ̀, bí ẹni pé mi ò jókòó ṣe ìdánwò náà rárá. Kò jẹ́ jẹ́ òdo. Òdo ì bá sàn, ẹni tó gba òdo mọ ibi tóun dúró. Òfìfo ni tèmi. Bí òfìfo yẹn bá sì fi lè jókòó síbẹ̀ títí wọn á fi ti èsì pa, kárí-ófà ló dà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, kọ́ọ̀sì ọdún kẹrin kan sì wà tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn ṣe láìjẹ́ pé ó ti yege nínú èyí. Ọdún kan gbáko ló ń lọ yẹn.

Bẹ́ẹ̀, ọdún tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wa ṣì ń dùn wá. Láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022 làwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n tó padà. Oṣù mẹ́jọ! Mo bá àǹtí mi ta aṣọ ní Gbági nínú oṣù mẹ́jọ yẹn títí mo fi ń fojú wọn ọ̀pá láìlo tépù. Nígbà tí a wọlé padà, mo ti sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tó tún máa gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi. Òfìfo yìí ló wá dé.

Ẹ ó rántí bí ìlú ṣe rí lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni ààrẹ tuntun dúró níbi ìbúra rẹ̀ tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lítà epo tí kò tó 200 náírà ti tó nǹkan bíi 500. Àwọn awakọ̀ Micra ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ń yọ orí síta ni, wọ́n á pe iye tuntun, wọ́n á ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, màmá, nígbà tí ẹ bá sọ pé "ẹ padà wá lọ́la," ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni lójú tiyín. Lójú tèmi, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ni, tàbí kí n fẹsẹ̀ rìn láti Yemẹtu kí n sì dé pẹ̀lú òógùn lára.

Mo máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ dé á ti ya ìwé kan, á kọ "List" sórí rẹ̀, oníkálukú á wá máa kọ orúkọ. Bí mo bá dé ní aago mẹ́fà, á ti tó ọgbọ̀n èèyàn níwájú mi. Èmi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń sùn. Aago mẹ́sàn-án ni fèrèsé ń ṣí. Aago mẹ́wàá, iná á lọ. Iná á dé, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní dé. Ẹ ó gbé orí sókè, ẹ ó wò wá lókè gíláàsì, a ó sì ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo dá ọgbọ́n. Ọkọ àǹtí mi mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan tó tóbi nílé ìwé wa. Wọ́n bá mi pè. Wọ́n ní wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀, kí n kàn lọ. Lọ́jọ́ yẹn mi ò kọ orúkọ sórí List ẹnikẹ́ni. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo kọjá lára ìlà bí ìyàwó tó ń lọ síbi ìjókòó, mo tẹ ẹnu mọ́ irin fèrèsé, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa mi."

Ẹ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́."

Mo dúró. Ẹ ò sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà lẹ wá bèèrè, ìbéèrè náà ò tiẹ̀ kàn mí: "Ta ló kàn lórí ìlà?"

Ọmọkùnrin kan tó wọ bàtà tí wọ́n ti rán, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èjìká tì, ní, "Èmi ni, mà."

Ẹ ní, "Máa bọ̀." Ẹ wá yíjú sí mi. "Ìwọ, orúkọ ẹ ti wà nínú ìwé mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó máa kàn ẹ́."

Màmá, mo kórìíra yín lọ́jọ́ yẹn. Mo kórìíra yín débi pé mi ò jẹun ọ̀sán. Èmi tí mo máa ń pariwo lórí WhatsApp kíláàsì wa pé ìyà ọmọ tálákà pọ̀ jù nílé ìwé yìí, pé ẹni tí ò ní baba nígbìmọ̀, bó ro àre, ẹ̀bi ni wọ́n máa dá a. Nígbà tí èmi wá ní baba nígbìmọ̀ fún ọjọ́ kan péré, tí ẹ sì ní baba ò wúlò níbí, ẹ̀yin lẹ di ọ̀tá mi. Ó pẹ́ kí n tó rí ẹ̀rín inú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo ṣe ohun tí mi ò lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé méjì. Mo ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń fi èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́ kí a lè mú owó wá. Màmá, mi ò rí i rí kí ẹ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ò ju "wọ́n ní" lọ. Wọ́n ní ẹ gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan ní ọdún kan, wọ́n ní ẹnìkan mú òróró wá fún yín. Ta ni "wọ́n"? Mi ò béèrè. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fọwọ́ sí i. Àwọn kan nínú wọn ò dé ojú fèrèsé yín rí, orúkọ tí a sọ yín nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọjọ́rú ni mo fi ìwé náà sílẹ̀ ní ófíìsì ọ̀gá ẹ̀ka. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tíì dàgbà, àmọ́ mo ti di òṣìkà.

Ní Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lórí ìlà pè mí pé ẹ dárúkọ mi, pé kí n wá ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn! Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ò rí i? Mo ti mọ̀. Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sáàárín fóònù mi àti páálí ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá.

Ẹ ò béèrè nǹkan kan. Ẹ ti wọ bàtà sílípáàsì, ẹ fi gèlè àtijọ́ kan wé orí, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ ní, "Tẹ̀ lé mi, má fọwọ́ kan ògiri, ọ̀dà ti ń ṣí." Ibi tí ẹ mú mi lọ yẹn, mi ò mọ̀ pé ó wà. Yàrá tóóró kan lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kò ní fèrèsé, àpò ìrẹsì tí wọ́n kó ìwé ìdánwò sí kún un dé àjà. Iná ti lọ. Ẹ ki fóònù yín bọ inú àyà, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dojú kọ iwájú, ọwọ́ yín méjèèjì wá ṣófo. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ tú àpò àkọ́kọ́.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níbí fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í jẹ́ ká kọ orúkọ sórí ìwé ìdánwò. Nọ́ńbà mátíríìkì, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé ìwé fún oníkálukú, nìkan là ń kọ, kí olùkọ́ tó ń máàkì má baà mọ̀ bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni tàbí ọmọ ọ̀tá òun. Nítorí kí ìdájọ́ lè tọ́ ni wọ́n fi ṣe òfin náà, ó sì dára. Òfin dáadáa yìí gan-an ló gbé mi mì. Ẹni tó ń kó máàkì sínú kọ̀ǹpútà rí nọ́ńbà kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ó fi í sílẹ̀, ó kọjá lọ.

A wà níbẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Eruku gbà mí nímú, mo ń sín, ẹ̀yin ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" bí mo bá ti sín, ẹ ò sì gbójú sókè. Àpò kẹrin ni. Ẹ fa ìwé kan yọ, ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ ní:

"Ìwé ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà! Ọwọ́ mi nìyẹn!"

"Kí ni nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn yìí?"

"Ọ̀kan ni, mà."

"Ọ̀kan?" Ẹ wò mí. "Ọ̀kan tó dé fìlà tó tún tẹ̀ síwájú báyìí? Ọmọ mi, eéje nìyí. Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀kan?"

"Màmá mi ni, mà. Tíṣà ni wọ́n."

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń húkọ́. Ẹ ní kí n bá yín kí wọn. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà o, màmá mi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ mú mi padà sí ófíìsì, ẹ ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń kọ gbèsè sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Gbogbo wa la wà níbẹ̀: ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wá, orúkọ, kọ́ọ̀sì tó sọnù, bí a ṣe dé tẹ̀ léra. Nọ́ńbà 41 ni èmi. Ogójì orúkọ tó wà lókè mi, ẹ ti fi bíírò pupa fa ìlà sí gbogbo wọn. Ọmọkùnrin oníbàtà-rírán yẹn, nọ́ńbà 38 ni. Nígbà tí mo ń tì í léjìká, ó ti fi ìdúró mẹ́ta jù mí lọ nínú ìwé yín, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ̀.

Mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa. Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà lọ́wọ́ ófíìsì mìíràn, wọn kì í yọ̀ǹda rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn aago mẹ́rin lẹ tó ń rí i gbà, bí ara bá sì le, ẹ ó wá ti èèyàn méjì, bí kò bá le, ẹ ó wá ti ẹnìkan. Ẹ ní, "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ṣé ẹ máa gbà? Ẹ ó ní mo ń wá àwáwí." Òótọ́ ni. A ò bá tí gbà.

Mo yọ ẹgbẹ̀rún méjì náà. Ẹ gbá mi lọ́wọ́, kò dùn mí, ojú ló tì mí. "Fi wọkọ̀. Òjò ń ṣú." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," mo sì sáré jáde nítorí òjò. Gbogbo ọpẹ́ tí ẹ rí gbà lẹ́nu mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mo tún ti kọ ẹ̀yìn sí yín kí n tó sọ ìkẹta tán.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìyá tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ ìyókù fún mi láìmọ̀ pé èmi ni. Ó ní àwọn ọmọ kan kọ̀wé mọ́ yín, pé ọ̀gá pè yín wọlé lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ní kí ẹ fi ìwé dáhùn ẹ̀sùn, ẹ sì jáde pẹ̀lú omi lójú. Ọjọ́bọ̀, màmá. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá lórí ìwé yẹn. Ẹ rí i. Ní Jímọ̀, ẹ wé gèlè, ẹ lọ wá ìwé mi láàárín àpò ìrẹsì, nítorí pé nọ́ńbà 41 ló kàn.

Nígbà yẹn, owó oṣù mẹ́rin tí ìjọba dì mọ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ yín daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022 ò tíì tẹ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ lọ́wọ́. Gbogbo wa mọ̀ nípa owó àwọn olùkọ́, nítorí wọ́n ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó sọ ti yín fún wa. Epo tó wọ́n fún mi, ó wọ́n fún ẹ̀yin náà. Mi ò rò ó kan ibẹ̀ rí pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn irin náà ń wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó, ibi tí mo sì bá a dé ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo mọ̀ pé ẹ ó bá mi tún un ṣe tí kò bá tọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà ni mo jẹ́ sí yín láti ìgbà náà, mo gbà. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan fún àwọn àgbà. Bí ọlọ́ṣà bá kó mi lẹ́rù, tó wá dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn. Omi gbẹ ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó bá yọ, àwọn aṣojú wa á gbé àwòrán ọ̀gá kan síta, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá wa. Omi tí a ti sanwó rẹ̀! Bí a bá ráhùn, wọ́n á ní ẹ ò moore, àwọn 104 tó bẹ̀rẹ̀ yunifásítì àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí lọ́dún 1948, inú ilé ìwòsàn ológun àtijọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti kàwé, wọn ò kú. Ó dáa. Àmọ́ nílùú wa yìí kan náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé ọdún 1971, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ìjẹun ló ti bẹ̀rẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn fi fẹ̀hónú hàn. Oúnjẹ lásán. Ẹnìkan ti ní láti sọ fún àwọn náà pé kí wọ́n máa dúpẹ́ pé wọ́n ń jẹun. Ọlọ́pàá dé, ìbọn dún, Kúnlé Adépéjù ò padà sí yàrá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn títí dòní. Bí mo bá ti kọjá níwájú Yunifásítì yẹn lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, mo máa ń rántí pé ìráhùn ò kéré nítorí pé ohun tí à ń ráhùn lé lórí kéré.

Nítorí náà mo ti pín in sí méjì. Máàkì yẹn, èmi ni mo ni ín. Mo kàwé fún un, mo jókòó ṣe é, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lọ́pẹ́ lórí rẹ̀, títí kan ẹ̀yin. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi tó wà níbẹ̀, ọ̀kan tó dé fìlà ni. Ìyókù, ẹ̀bi ilé ìwé ni, tí ọ̀nà ẹyọ kan péré ò sí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun dé. Ṣùgbọ́n wákàtí tó wà lẹ́yìn aago mẹ́rin kì í ṣe ti ilé ìwé. Gèlè yẹn kì í ṣe ti ilé ìwé. Ìwé ńlá tí ẹ fi owó ara yín rà, owó tí ẹ gbá dànù lọ́wọ́ mi, ipò tí ẹ ò gbà kí n já lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, ẹkún Ọjọ́bọ̀ tí ẹ ò gbé dé Jímọ̀: ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ìyẹn, kò sí ẹni tó lè fi agbára gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ sì fún mi. Ìwọ̀nyí ni mo wá dúpẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì.

Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ ń yọjú ka lẹ́tà tí wọn ò kọ sí yín, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ díẹ̀. Ìwé pélébé kan tó ní nọ́ńbà, ọjọ́, àti ìgbà tí a ó gbọ́ èsì, kò lè wọ́n ju àsíá tí ẹ fi ń kí ara yín kú oríire lọ. Ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn àtẹ̀gùn sí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó.

Màmá, ìwé ẹ̀sùn yẹn ò tíì kúrò nínú fáìlì. Mo kọ òmíràn ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Ọjọ́bọ̀ náà ni mo dìídì mú, mo sì fún akọ̀wé ọ̀gá ẹ̀ka pé kó fi í sínú fáìlì kan náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí mo sọ nípa yín ò rí bẹ́ẹ̀, pé mi ò ní ẹ̀rí kankan nígbà tí mo sọ ọ́, pé mo gbà á padà. Akọ̀wé náà ní kí ni ó tún kù, ṣebí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo ní kó ṣáà bá mi fi í síbẹ̀. Mo wá àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Mọ́kànlá ni mo rí. Ọ̀kan ti wà ní Kánádà, ó fọwọ́ sí i lórí fóònù. Méjì ní àwọn ò rántí pé àwọn fọwọ́ sí nǹkan kan rí.

Ó ku búrẹ́dì. Mi ò gbé e padà sílé. Mo bù ú fún àwọn tó wà lórí ìlà, nítorí ìlà ṣì wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin orí àga yín náà gba díẹ̀, ó sì fi mílíìkì sí tíì rẹ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo bi í nípa ìwé ńlá yẹn. Ó ní, "Ìwé wo? Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo nǹkan wà." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tẹ ẹnu mọ́ irin, ọdún kìíní ni, èsì kọ́ọ̀sì rẹ̀ kan ò jáde. Ọ̀gbẹ́ni náà wo kọ̀ǹpútà, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ò dára, kó padà wá lọ́la. Kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.

Mo lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ tó nípọn díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi, mo so ó mọ́ irin fèrèsé pẹ̀lú bíírò. Mo fa ìlà sí i bí mo ṣe rí i nínú tiyín: ọjọ́, orúkọ, kọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ni nọ́ńbà 1. Mo sọ fún un pé kó kọ ọ̀kan rẹ̀ kó dá a fà gbọọrọ, kó má fi nǹkan sí i lórí.

Mi ò mọ iye ọjọ́ tí ìwé náà máa lò níbẹ̀ kí ẹnìkan tó já a lọ. Bí tiyín bá wà lọ́wọ́ yín nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi dáná. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín kọ ibi tí ẹ wà sí mi, ì báà jẹ́ Àpáta, ì báà jẹ́ Mọ́níyà. Màá mú búrẹ́dì mìíràn dání.

Èmi ni ọmọ yín,
Nọ́ńbà 41.